Nóòtì Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀rẹ́ Níní

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 2023, àyè kan ṣófo nínú rẹ́jísítà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, yóò ka àmì 483 tí wọ́n fi bírò pupa fà, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, láìyọ ọjọ́ ibà, láìyọ ọjọ́ òjò. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ́jísítà náà. Ilà mọ́kàndínlógójì tó tẹ̀ lé e kò ní nǹkan kan nínú.

Obìnrin tó ń fa àmì náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún méjì àbọ̀ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orúkọ tó wà lókè rẹ́jísítà náà, ti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, yàrá ìjẹun ìyá rẹ̀ ló sì ti ń kàwé.

Ìdí mẹ́ta ni àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé Tíṣà fi mú ọmọ náà kúrò nílé ìwé. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, pé kò sí olùkọ́ tó tó o mọ́. Àwọn kan ní ọmọ náà ní àìsàn tí wọn kò fẹ́ kí ayé gbọ́. Àwọn kẹta ní ọkọ rẹ̀ ló ní kó jókòó sílé. Kò sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kúrú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ó sì burú jù wọ́n lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni Tíṣà fi kọ́ni ní ìṣirò ní ilé ìwé kan tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé láti ilé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le. Bí ó bá ní kí o kúnlẹ̀, ìwọ ni wàá bẹ ilẹ̀ kó rọ̀. Àwọn ọmọ tó ń jẹ ìyà lọ́wọ́ Tíṣà kò lè nà án padà, wọ́n bá wo ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n rí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà pé ọdún méjìlá nígbà náà, kíláàsì ìyá rẹ̀ ló sì wà. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, wọ́n tì í mọ́ inú ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì fi igi ìgbálẹ̀ há ẹnu ọ̀nà náà láti ìta. Aago dún, gbogbo wọn padà sí kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ṣí rẹ́jísítà, ó ń pe orúkọ ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pe orúkọ ọmọ tirẹ̀, ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Kò wá, mà.” Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà rò pé ọmọ náà ń sá fún ìdánwò ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fi bírò pupa kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Agogo mẹ́rin ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ wá ìgbálẹ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ náà gan-an ló fi ohùn tín-ín-rín sín ọ̀rọ̀ yẹn jẹ lójú ọmọ náà: “Kò wá, mà.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé wọ́n pe orúkọ òun, pé ẹni tó pè é sì gbà pé òun kò sí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Tíṣà ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ náà kì í ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ pa. Ó máa ń fi bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ kan há a.

Yàrá ìjẹun di kíláàsì. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù àtijọ́ kan, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n gbé e kọ́ ògiri ní ibi tí fọ́tò ìgbéyàwó wà tẹ́lẹ̀. Aago orí tábìlì ń dún ní agogo mẹ́sàn-án, ọmọ á jókòó, ìyá á ṣí rẹ́jísítà, á pe orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n lè jọ jẹ́ orúkọ kan náà. Ọmọ á ní, “Mo wà níbí, mà.” Àmì á wọlé.

Ọkọ Tíṣà ń tún fíríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, níbi tí àwọn ilẹ̀kùn fíríìjì tó ti kú fara ti ògiri bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Òun ló sọ ọmọ náà ní Mọ́nítọ̀. “Ọmọ mi ló gba ipò kìíní,” ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà, “òun náà ló tún gba ipò ìkẹyìn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n ra ẹ̀bùn ni tàbí kí n wá ẹgba.” Orúkọ náà mọ́ ọn lára, àwọn òbí nìkan kọ́ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ti ìwé, kò sí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ àwọn tó fi kíláàsì méjì jù ú lọ ni Mọ́nítọ̀ ń ṣe. Ìwé kọ́ ló mú wàhálà wá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, alábẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ wá wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Apá keje nínú fọ́ọ̀mù tó ń mú wá ni wọ́n pè ní Ìbákẹ́gbẹ́: kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ojúgbà tí ọmọ náà ń bá ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, alábẹ̀wò rí i pé ibẹ̀ ṣófo. Ó kọ gbólóhùn méjì síbẹ̀: “Ọmọ yìí mọ̀wé, kò mọ ènìyàn. Bí ó bá ṣì rí báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó padà sílé ìwé.”

Ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà nítòsí. Ibi tí igi ìgbálẹ̀ wà ni.

Tíṣà kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó rí ìdílé mẹ́ta mìíràn tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé, wọ́n sì ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín oṣù nínú yàrá kan ní ilé ìkàwé. Àwọn ìyá á to àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n á máa wo àwọn ọmọ tó jókòó láàárín bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ orúkọ gbogbo egungun ara, kò sì mọ ohun mìíràn tó lè bá ènìyàn sọ. Àwọn ìbejì kan wà tí wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi ara wọn. Mọ́nítọ̀ gbìyànjú. Ó bi ọmọ egungun léèrè pé, “Kí lo fẹ́ràn láti máa ṣe?” Ìyá ọmọ náà ló dáhùn láti ìdí ògiri: “Ó fẹ́ràn ìwé kíkà gan-an ni, ọmọ mi.”

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Mọ́nítọ̀ ní, “Mọ́mì, mo ti rí ọ̀rẹ́ kan o.”

Tíṣà yíjú sí i kíákíá. “Èwo nínú wọn?”

“Ìyá ọmọ yẹn. Òun la jọ sọ̀rọ̀ jù. Ó máa tó pé àádọ́ta ọdún.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Oṣù kẹsàn-án ti wọlé. Oṣù mẹ́fà péré ló kù.

Aránṣọ kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó ní ọmọ obìnrin kan tó jẹ́ ojúgbà Mọ́nítọ̀, tó ń lọ sí ilé ìwé ìtòsí yẹn, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí Ọ̀rọ̀-ò-tán, nítorí pé bí ó bá lọ ra okùn ìránṣọ, ìyá rẹ̀ á ti rán aṣọ náà tán kó tó padà dé. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ mú ìwé èsì ìdánwò wá bá Tíṣà.

“Tíṣà wa, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò. Bí èmi bá gé aṣọ báyìí, ṣé ẹni tó ni ín á lè ki orí bọ̀ ọ́?”

“Ẹ ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́ta.”

“Ẹ ṣé o. Kí la ó máa mú wá?”

“Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Màá fi wákàtí kan kọ́ ọ. Kí òun náà fi wákàtí kejì jókòó ti ọmọ mi.”

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ tó fi ètè mú. “Kó jókòó tì í kó máa ṣe kí ni?”

“Kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ eléyìí? Tíṣà, òjò lẹ ń pè wọlé yẹn o. Àwa tí a bí i gan-an ń wá ibi tí a máa sá sí.”

“Ẹ ṣáà jọ̀wọ́, kí ọmọ mi má gbọ́ ohun tí a jọ sọ yìí.”

“Ta ló máa sọ fún un? Èmi àbí ẹ̀rọ ìránṣọ mi?”

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, bóyá kì bá tí sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rò. Àwọn òbí ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: wọ́n á ní kí ọmọ kan lọ bá ọmọ kan ṣeré, wọ́n á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Tíṣà. Kò sí ohun tó ń bọ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán tí kì í kọ nóòtì sílẹ̀ fún. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, ó fi rúlà fa ilà sí i, ó sì kọ nóòtì ẹ̀kọ́ fún ọ̀rẹ́ níní bí ó ṣe máa ń kọ ti ìdá àti ìpín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní. Àkọlé: Ìkíni àti ojú-lójú. Èròǹgbà: Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìwolẹ̀. Ohun èlò ìkọ́ni: bisikíìtì, ìwé àwòrán aṣọ. Ìgbéléwọ̀n: kò tó ìṣẹ́jú kan, ó jẹ bisikíìtì mẹ́rin.

Bí wákàtí ìṣirò bá ti ń parí lọ, Tíṣà á rẹ ohùn sílẹ̀ fún Ọ̀rọ̀-ò-tán: “Lónìí, bi í léèrè nípa bàtà.” Tàbí: “Sọ ohun ìtìjú kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ fún un. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ẹ.” Lẹ́yìn náà, á lọ sí ilé ìdáná, á fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa sun kí wọ́n lè gbà pé kò gbọ́ wọn. Bí wákàtí kejì bá pé, òun fúnra rẹ̀ á sin Ọ̀rọ̀-ò-tán dé ẹnu ọ̀nà.

“Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta, mà.”

“Ṣé ẹ̀rín gidi?”

“Méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rín ọmọlúwàbí. Ìkẹta yẹn gidi ni, omi bọ́ lójú ẹ̀.”

Tíṣà á padà wọlé, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà sì ń wọlé. Kí a sọ òótọ́, ó ń wọlé ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, Mọ́nítọ̀ ti ń ya irun rẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́bọ̀ kí agogo mẹ́ta tó lù. Ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣe àwàdà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ni wọ́n ń pe fíríìjì tí kò tutù, bàbá ní òun kò mọ̀, ó ní, “Kọ́bọ́ọ̀dù tó kàwé.” Bàbá sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejìlá, Tíṣà ń kọjá lọ sí yàrá rẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wà ní títì pa. Kò sí sílípáàsì lẹ́nu ọ̀nà. Láti inú ilé ìwẹ̀ ni ọmọ náà ti ń kọrin jẹ́jẹ́. Tíṣà fọwọ́ ti ògiri, ó sì dúró síbẹ̀ títí orin náà fi parí.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló ba nǹkan jẹ́. Oṣù kìíní ti ń parí lọ, alábẹ̀wò ń bọ̀ ní oṣù kẹta, Tíṣà sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ sí i. Ó kọ ọ́ pé: Àkọlé: Àṣírí. Èròǹgbà: Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lè sọ àṣírí kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ò-tán fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. “Àǹtí, tó bá sọ ọ́ fún mi, ṣé mo tún máa wá sọ fún yín?”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wọlé?”

“Àṣírí ni ẹ pè é ná, mà.”

“Èmi ni ìyá ẹ̀. Ìdánwò ẹ ńkọ́, ìgbà wo ni?”

Ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ kan sọ pé Mọ́nítọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ìdánwò ìṣirò, ó sọ ọ́. Ó ní lójoojúmọ́, ní agogo méjì tí ilé ìwé bá jáde, tí Tíṣà bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Mọ́nítọ̀ á gbé báàgì ìwé kọ́ èjìká, á gba géètì ẹ̀yìn jáde, á dà mọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sílé. Á bá wọn rìn dé oríta. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yà, á yà, á padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ kan tí kò mọ̀ rí bi í pé kíláàsì wo ló wà. Ó purọ́ fún un. Mọ́nítọ̀ ní ìgbà yẹn ni inú òun dùn jù lọ́dún náà.

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú déètì. Ó kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: Èròǹgbà wọlé. Lẹ́yìn náà ló tún un kà. Àárín àwọn ọmọ tó ti ọmọ òun mọ́lé ni ọmọ òun ń lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn ìránṣọ, á bẹ́ sẹ́yìn. Kò bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ kejì, ó ra àgádágodo, ó fi ti géètì ẹ̀yìn. Ó ní olè ti pọ̀ ní àdúgbò. Ní gbogbo oṣù náà, kò sí ẹni tó gbọ́ pé olè jà.

Alábẹ̀wò dé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, ní agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀. Alàgbà kan ni, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ó sì ń mí bí ẹni gun òkè. Wọ́n fún un ní omi. Ọkọ Tíṣà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ṣùgbọ́n òórùn gáàsì fíríìjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́nítọ̀ àti Ọ̀rọ̀-ò-tán jókòó ti ara wọn lórí àga gígùn.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni alábẹ̀wò wí, “lọ́dún tó kọjá, bàtà rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ?”

“Òun nìyí, sà.”

“Kí lẹ jọ máa ń ṣe?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. “Ó máa ń sọ̀rọ̀, sà,” ni Mọ́nítọ̀ wí. “Èmi máa ń bá a wá ibi tí àmì ìdúró máa wà.”

Ọ̀rọ̀-ò-tán fi ìgúnpá gún un, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ti yọ bírò. Ó ti kọ orúkọ Ọ̀rọ̀-ò-tán sí apá keje, ó sì ti mú òǹtẹ̀ jáde. Nǹkan ti parí.

“Ẹ̀rí kankan wà fún èyí?” ló béèrè, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

Tíṣà ì bá ti ní, ẹ̀rí ló jókòó síwájú yín yẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló fi kọ nóòtì fún àwọn alábẹ̀wò tí wọn kì í ṣí i. Kò sí ẹni tó yìn ín rí. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó rò pé ojú ni yóò fi kà á. Kò mọ̀ pé alàgbà náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa fi ẹnu kàwé.

“Ọ̀sẹ̀ kìíní,” ni alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. “Àkọlé: Ìkíni àti ojú-lójú.” Ó tún jókòó dáadáa. “Èròǹgbà wà! Ohun èlò wà! Ó jẹ bisikíìtì mẹ́rin. Olùkọ́, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kọ ìgbéléwọ̀n.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni Tíṣà wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbà á, ẹ ó kà á tó bá yá.”

“Rárá o, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọ̀rẹ́ sọ ìtàn ìtìjú gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan jẹ́ gidi.”

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ọ̀rọ̀-ò-tán wolẹ̀. Alábẹ̀wò ń ṣí ìwé, ó ń mi orí, ó fò dé ìparí. “Àṣírí,” ló kà. Ó sì kà á tán: agogo méjì, báàgì ìwé, géètì ẹ̀yìn, oríta, irọ́ tí ó pa fún ọmọ tó bi í léèrè, àti bí inú rẹ̀ ṣe dùn. “Èròǹgbà wọlé,” ló fi parí rẹ̀, tìyanu-tìyanu.

Láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbọ́ fíríìjì kan tó ń gbọ̀n.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀, sà?” ni Mọ́nítọ̀ béèrè.

“Ọjọ́ kejì oṣù kejì.”

“Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni àgádágodo dé.”

“Mọ́nítọ̀, gbọ́ ná,” ni Ọ̀rọ̀-ò-tán wí. “Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó sọ ọ́. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.”

“Ṣé wọ́n ní kó o sọ pé o fẹ́ràn mi?”

“Kò sí nínú ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé náà kò sí nínú ẹ̀. Èmi ni mo ń dá wá lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí, ẹ sọ fún un.”

Tíṣà kò lè sọ ọ́, nítorí pé òun gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ àfikún. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá.

“Òótọ́ ni,” ni bàbá wí láti ẹnu ọ̀nà. “Mo ń ṣílẹ̀kùn fún un láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n má sọ fún Tíṣà.”

Mọ́nítọ̀ yíjú sí i. “Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ní ìwé tiyín ni?”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tó dé lẹ́yìn irọ́, aṣọ irọ́ ló máa ń wọ̀ wọlé.

Alábẹ̀wò wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wọ inú ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa là á yé e, ó ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe. Ó tẹ òǹtẹ̀ náà. Ìwé àṣẹ ọdún méjì gbáko, kì í ṣe ọdún kan. Sí apá keje, ó kọ ọ́ pé: “Ó tayọ.” Ó sì bẹ Tíṣà pé, bí kò bá ní í bínú, kó jẹ́ kí òun da ìwé náà kọ, kí òun lè máa fi han àwọn òbí mìíràn.

Tíṣà sin Ọ̀rọ̀-ò-tán dé ẹnu ọ̀nà bí ó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Nínú ìdánwò tó kẹ́yìn, ó ti gba méjìdínlọ́gọ́ta.

“Àǹtí, ṣé kí n ṣì máa bọ̀ fún ìṣirò?”

“Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ máa bọ̀?”

“Ìṣirò nìkan, mà,” ló wí, ó sì lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Nítorí rẹ ni mo ṣe ṣe é. Wọ́n máa dá ẹ padà síbẹ̀.” Ó tún ní, “Àgádágodo yẹn, mo ti ṣí i.” Mọ́nítọ̀ jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá, ó lọ wẹ̀. Nígbà tí Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ti padà síbẹ̀.

Bàbá jókòó sórí pèpéle níwájú ṣọ́ọ̀bù. “Ó ti yege,” ni Tíṣà wí fún un. “Ọdún méjì.” Bàbá ní òun gbọ́. Kò ṣe àwàdà kankan, èyí ló sì dun Tíṣà jù nínú gbogbo ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago dún ní agogo mẹ́sàn-án. Mọ́nítọ̀ ti jókòó. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ti gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, ó ti kọ déètì sí ọwọ́ òkè. Kò sí ohun tí olùkọ́ kan lè bá a wí lé lórí. Láti ibi tó jókòó sí ibi tí ìyá rẹ̀ dúró, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Bàbá tó wá mu tíì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Tíṣà ṣí rẹ́jísítà. Ó pe orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúró. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀kùn dúdú tó wà lára ògiri. Tíṣà tún un pè. Bírò pupa ti wà lórí àyè náà, kò kàn tíì kan ìwé.

Mọ́nítọ̀ kò gbé ojú kúrò lára ògiri. Ó fi ohùn tín-ín-rín kan sọ ọ́, ohùn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì:

“Kò wá, mà.”